Ẹ Bi Àǹtí: fóònù ti wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin, níbo ló máa gbà lọ?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí ò kéré, àwọn tó fi WhatsApp ránṣẹ́ tún pọ̀ jù wọ́n lọ, ẹnì kan tiẹ̀ fi voice note oníṣẹ́jú mọ́kànlá ránṣẹ́, mo gbọ́ ọ tán o, ẹ má rò pé mo fò ó. Nígbà tí mo kó gbogbo ẹ̀ jọ, ọ̀rọ̀ fóònù àti ọmọbìnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn kan ń bẹ̀rù ẹ̀, àwọn kan ń wá oore tó wà nínú ẹ̀, àwọn míì ti kó sí wàhálà ná. Mo mú márùn-ún. Mo ti yọ orúkọ yín kúrò, ẹ fọkàn balẹ̀.

*Àǹtí, ẹ káàárọ̀ mà. Ata ni mò ń tà ní Bódìjà, n'Ìbàdàn níbí. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS2, owó àjọ ni mo fi ra fóònù fún un lọ́dún tó kọjá torí ó ní òun máa fi kàwé, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá yọjú sí i, TikTok ló ń wò. Bàbá ẹ̀ ti ní ká gbà á. Èmi ò kàwé púpọ̀, mi ò mọ ibi tí mo lè ní kó lọ. Ṣé íntánẹ́ẹ̀tì yìí tiẹ̀ ní ibi tó dáa fún ọmọbìnrin? – Ìyá ọlọ́mọ, Ìbàdàn*

Ìyá wa, ẹ kú ọjà, á tà o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba fóònù yẹn. Tẹ́ ẹ bá gbà á lónìí, ti ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló máa máa lò lọ́la, ẹ ò wá ní mọ nǹkan tó ń wò mọ́ rárá, ẹ bá mi sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá ẹ̀, ẹ ní èmi ni mo sọ ọ́. Ṣé ẹ rí i, ẹnì kan ló fi TikTok han ọmọ yẹn, bóyá ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni, bóyá ọmọ kíláàsì ẹ̀. Ta ló wá fi ibòmíì hàn án? Kò sẹ́ni.

Ibi tí mo máa kọ́kọ́ ní kó lọ ni Khan Academy. Ìtàn ẹ̀ dùn mọ́ mi torí ọmọbìnrin kékeré kan ló fà á. Ní 2004, Salman Khan tó ń gbé ní Boston l'Amẹ́ríkà ní ìbátan kan ní New Orleans, ọmọ ọdún méjìlá, tí ìṣirò ń dà láàmú, ló bá ń kọ́ ọ láti orí fóònù àti kọ̀ǹpútà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Nígbà tó yá àwọn ọmọ ẹbí tó kù náà ní àwọn fẹ́, ló bá kúkú ń ṣe fídíò sórí YouTube kó má bàa máa tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ lójoojúmọ́. Bó ṣe di nǹkan tí gbogbo ayé ń lò nìyẹn. Ìṣirò wà níbẹ̀, físíìsì wà, kẹ́místírì wà, báọ́lọ́jì wà, wọn kì í gba kọ́bọ̀, wọn kì í sì í ti ìpolówó ọjà bọ ọmọ lójú. Nǹkan tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé ọmọ SS2 tí fractions ò yé láti JSS1 (wọ́n pọ̀ bí nǹkan míì, ojú ló ń tì wọ́n láti sọ) lè padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, kò sẹ́ni tó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, fídíò ò mọ̀ pé ó ti dàgbà.

Àléébù ẹ̀ ni pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, kò tẹ̀lé sílábọ́ọ̀sì WAEC. Fún ìyẹn, kó wá Nigeria Learning Passport, ìyẹn èyí tí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú UNICEF àti Microsoft gbé jáde ní 2022, ohun tí wọ́n ń kọ́ nílé ìwé wa níbí ló tẹ̀lé, ọ̀fẹ́ lòun náà.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní dátà ńkọ́. Òótọ́ ni, dátà ti wọ́n ju ata yín lọ. Khan Academy ní áàpù tí èèyàn lè dáńlóòdù fídíò sí nígbà tó bá wà níbi tí Wi-Fi wà, kó wá wò ó nílé láìlo dátà. Òmíì tún ni Kiwix, òun ló máa ń gbé odidi Wikipedia wọnú fóònù, ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn máa dáńlóòdù ẹ̀, ó tán, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ kó bọ̀, ọmọ ń ka ìwé ẹ̀ lọ. Wikipedia Yorùbá náà wà o, àpilẹ̀kọ tó wà níbẹ̀ ti ju 30,000 lọ, àwọn kan ò ju ìlà méjì lọ, kí n má purọ́, àwọn kan sì dáa gan-an, ẹ lè ní kó máa ka ọ̀kan fún yín lálẹ́ tẹ́ ẹ bá ń ka owó ọjà.

Tó bá ní àbúrò tó wà láàárín ọdún 8 sí 16, Scratch ni kí wọ́n wá fún un, yunifásítì MIT ló gbé e jáde ní 2007, ọmọ á máa to búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ oríṣiríṣi léra, á máa fi ṣe géèmù àti àwòrán tó ń rìn, kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé kódìǹgì, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, lòun ń kọ́.

Àti pé kí ìdánwò JAMB tó dé, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Láti 2015 ni wọ́n ti pa ìdánwò oníbébà tì pátápátá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan mọ̀wé dáadáa, àmọ́ ọjọ́ tó jókòó síbẹ̀, mouse ló ń bá jà, bí ogún ìṣẹ́jú ti lọ kí ọkàn ẹ̀ tó balẹ̀. Wákàtí kan péré ní kàfé lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ti tó.

Ti TikTok yẹn, kò lè kúrò níbẹ̀ pátápátá, ẹ má da ara yín láàmú. Ṣùgbọ́n ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ ata kan kalẹ̀, ẹ sọ iye tẹ́ ẹ rà á àti iye tẹ́ ẹ tà á fún un, ẹ ní kó bá yín ṣírò èrè yín, ìdá mélòó ni nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ tún gbé òmíì wá. Tó bá rí i pé ìyá òun ń dúró de ìdáhùn, á wá ibi tí ìdáhùn wà.

*Àǹtí mi, ẹ ǹ lẹ́ mà. Ọmọ ọdún 19 ni mí, mò ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ l'Abẹ́òkúta, mo ti ṣe WAEC àmọ́ kò sówó yunifásítì. Mò ń rí àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣe tech, ó wu èmi náà. Ẹnì kan nínú group Telegram kan ní ìjọba ń fún àwọn obìnrin ní scholarship ọ̀fẹ́, pé kí n san ₦15,000 fún fọ́ọ̀mù, kí n fi NIN mi ránṣẹ́, pé nọ́ńbà kan máa wọlé sórí fóònù mi, kí n kà á fún òun. Mo ti fẹ́ yá owó náà lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Fóònù nìkan ni mo ní o. – Aránṣọ, Abẹ́òkúta*

Àbúrò mi, dúró ná! Má yá owó lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ, má ka nọ́ńbà kankan fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀fẹ́ tó ń gba ₦15,000, irú ọ̀fẹ́ wo nìyẹn? Owó yẹn tiẹ̀ kéré nínú nǹkan tí ẹni yẹn ń wá. Nọ́ńbà tó ní ó máa wọlé yẹn, OTP là ń pè é. Òun á fi nọ́ńbà fóònù ẹ ṣí WhatsApp sórí fóònù tiẹ̀, WhatsApp á wá fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹ láti mọ̀ bóyá ìwọ ni, tóo bá ti kà á fún un báyìí, WhatsApp ẹ ti di tiẹ̀ nìyẹn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ á ti máa kọ ọ́ sí àwọn kọ́sítọ́mà ọ̀gá ẹ pé ẹ jọ̀ọ́ mà ẹ bá mi fi ₦50,000 ránṣẹ́, mo máa dá a padà lálẹ́, ìwọ ni wọ́n sì máa wá ká mọ́lé. Tóo bá ka èyí tán, ṣí WhatsApp, lọ sí Settings, lọ sí Account, wàá rí Two-step verification, fi PIN mẹ́fà sí i tó jẹ́ pé ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n. Jọ̀ọ́, má fi ọjọ́ ìbí ẹ sí i.

Ó yá, ká wá sọ̀rọ̀ gidi. Àwọn ibi tó dáa tí mo mọ̀, àkókò ẹ nìkan ni wọ́n ń gbà, wọ́n sì máa gbà á dáadáa. Wo freeCodeCamp. Quincy Larson ló dá a sílẹ̀ ní 2014, ibẹ̀ lèèyàn ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì, àti àwọn èdè tí wọ́n fi ń kọ ọ́, HTML, CSS, lẹ́yìn náà JavaScript, tóo bá parí ẹ̀ wọ́n á fún ẹ ní sẹ́tífíkéètì láìgba kọ́bọ̀. Àwọn fúnra wọn ti sọ tẹ́lẹ̀ pé sẹ́tífíkéètì kan máa ń gbà tó wákàtí 300. Ìwọ náà ṣírò ẹ̀: tóo bá ń ṣe wákàtí kan lóòjọ́ lẹ́yìn tóo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, oṣù mẹ́wàá gbáko nìyẹn. Ẹni tó bá ní ọ̀sẹ̀ méjì lo máa fi di ẹni tó ń gba dọ́là, sá fún un.

Ti pé fóònù nìkan lo ní, mi ò ní tàn ẹ́. Fóònù tó láti fi bẹ̀rẹ̀, freeCodeCamp ní áàpù fún Android, HTML á yé ẹ lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n tóo bá dé JavaScript, ìka á máa ro ẹ́, ojú á máa ta ẹ́. Nǹkan tí àwọn kan ń ṣe ni pé wọ́n á ra wáyà OTG, nǹkan kékeré báyìí ni, wọ́n á fi so kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà mọ́ fóònù, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ bíi lápútọ́ọ̀pù. Tóo bá ti lówó díẹ̀ lọ́wọ́, ìyẹn ni kóo fi wá, má fi fún gbájúẹ̀.

Má dá kọ́ ọ o, ó máa ń sú èèyàn, ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń já a sílẹ̀ lóṣù kejì nìyẹn. Wá She Code Africa, Ada Nduka Oyom, ọmọ Nàìjíríà bíi tèmi tìẹ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2016, àwọn obìnrin ló kún ibẹ̀, àwọn tó ti mọ̀ ọ́n ń fa àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lọ́wọ́. Ètò ìjọba tó jẹ́ òótọ́ náà wà, 3MTT ló ń jẹ́, wọ́n fi ń kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ tech, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2023, nígbà tí Bosun Tijani jẹ́ mínísítà ibẹ̀, wọ́n máa béèrè NIN lórí sáìtì wọn lóòótọ́ ṣùgbọ́n wọn kì í gba owó fọ́ọ̀mù. Coursera náà dáa, owó wà lórí ẹ̀, àmọ́ lábẹ́ ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì wọn wàá rí ibi tí wọ́n kọ Financial aid sí, tẹ ibẹ̀, wọ́n á ní kóo ṣàlàyé ara ẹ àti ìdí tóo fi fẹ́ kọ́ ọ, sọ òótọ́ ẹ, pé télọ̀ ni ẹ́, pé o fẹ́ kọ́ nǹkan kún un. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni kì í tẹ ibẹ̀ torí wọ́n rò pé kì í ṣe fún àwọn.

Tí ẹnikẹ́ni bá ní iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ọmọ mẹ̀kúnnù, sọ ti Abisoye Ajayi-Akinfolarin fún un, àwọn ọmọbìnrin Mákòkó àti irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ l'Ékòó ló ń kọ́ ní kódìǹgì, CNN mú un mọ́ akọni mẹ́wàá wọn ní 2018. Lọ́dún yẹn kan náà làwọn ọmọbìnrin márùn-ún láti ilé ìwé Regina Pacis ní Onitsha fò lọ sí Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi áàpù tó ń tú àṣírí ayédèrú oògùn gba ipò kìíní nínú ìdíje Technovation, ní ìpele àwọn kékeré. Ìwọ ti dàgbà ju Technovation lọ, ọdún 18 ni wọ́n mọ, àmọ́ tóo bá ní àbúrò, sọ fún un.

Kí n tó gbàgbé, má fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀ o. Àwọn ọmọ tech tó pọ̀, kò síṣẹ́ ọwọ́ kankan tí wọ́n mọ̀ yàtọ̀ sí kọ̀ǹpútà. Ìwọ mọ ìdí tí kọ́sítọ́mà fi ń pariwo pé aṣọ ò gba òun, o mọ bí ìwé tí ọ̀gá ẹ ń kọ ìwọ̀n sí ṣe máa ń sọnù nígbà ọdún. Ẹni tó mọ̀yẹn tó tún mọ kódìǹgì, mi ò tíì rí i tó pọ̀.

*Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kọ ìlú mi. Ọmọ ọdún 21 ni mí. Ọmọkùnrin tí mò ń fẹ́ tẹ́lẹ̀ ní fọ́tò mi kan lọ́wọ́, irú èyí tí kò yẹ kẹ́nikẹ́ni rí. A ti pínyà, ó wá ní kí n padà sọ́dọ̀ òun tàbí kí n sanwó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó ń bọ̀ lórí Facebook. Mi ò lè sun. Mi ò lè sọ fún ìyá mi.*

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, ẹni tó fọkàn tán ẹnì kan ò ṣẹ̀, ẹni tó fẹ́ fi ìyẹn gbowó ló ṣẹ̀. Má sanwó. Ẹni tó bá gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lónìí, ogún ló máa béèrè lọ́jọ́ Sátidé. Má sì tíì pa ọ̀rọ̀ tó kọ rẹ́, bó ṣe wù kó bí ẹ nínú tó, ya screenshot ẹ̀ kí nọ́ńbà ẹ̀ àti ọjọ́ tó kọ ọ́ hàn níbẹ̀, fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tóo fọkàn tán kó bá ẹ tọ́jú ẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn lo máa tó bulọ́ọ̀kì ẹ̀.

Lẹ́yìn náà lọ sí StopNCII.org. Àwọn ará Revenge Porn Helpline ní Ìlú Ọba ló gbé e jáde ní 2021, gbogbo ayé ló sì wà fún, kìkì kóo ti pé ọdún 18. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù máa bà ẹ́, pé kí lo tún máa fi fọ́tò yẹn lé sáìtì lọ́wọ́ fún, ara fóònù ẹ níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣe é o, fọ́tò náà ò ní kúrò lọ́wọ́ ẹ. Wàá mú un, sáìtì yẹn á wá fi ṣe okùn nọ́ńbà àti lẹ́tà gígùn kan, bí ìtẹ̀ka èèyàn ṣe máa ń yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì, okùn yẹn nìkan ni wọ́n á fi ránṣẹ́ sí Facebook, Instagram, TikTok àtàwọn tó kù tó wà nínú ètò náà. Tẹ́nikẹ́ni bá wá gbé fọ́tò yẹn síbẹ̀, ẹ̀rọ wọn á dá a mọ̀, wọ́n á yọ ọ́. Kò ká gbogbo ẹ̀ o, kò lè rí nǹkan tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp, tó bá sì ti gé fọ́tò náà tàbí tó tún un ṣe, ó lè má dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n Facebook tó fi ń dẹ́rù bà ẹ́ yẹn gan-an wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì tó ọdún 18 nígbà tí wọ́n ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, tiyín ni Take It Down, àwọn NCMEC, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo àwọn ọmọdé l'Amẹ́ríkà, ló ń ṣe é, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò yàtọ̀.

Lílo fọ́tò dẹ́rù bani láti gbowó, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin Cybercrimes Act ti 2015, ẹ̀wọ̀n wà nínú ẹ̀, ọlọ́pàá sì ní ẹ̀ka tó ń rí sí i. Tó bá jẹ́ Èkó lo wà, pe DSVA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń rí sí ìwà ipá inú ilé àti ti ìbálòpọ̀, lórí 08000333333, ìpè ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ń kọ ọ́ sábẹ́ fídíò pé àwọn máa bá ẹ hack fóònù ẹ̀ kí àwọn pa fọ́tò rẹ́, olè kejì nìyẹn, má dá wọn lóhùn. Ti ìyá ẹ, mi ò ní fi tipátipá mú ẹ, ṣùgbọ́n ó sàn kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ ju kó gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọkùnrin yẹn lọ. Tó bá le jù, mú àbúrò ìyá ẹ tó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ dání. Kóo sì kọ̀wé sí mi padà, mò ń retí ẹ.

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Tíṣà ni mí nítòsí Ìkìrun. Àwọn ọmọ mi obìnrin ní JSS ní àwọn kà á lórí Facebook pé abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ tí wọ́n ń gún káàkiri máa ń jẹ́ kí ọmọbìnrin yàgàn. Níbo ni wọ́n ti lè ka òótọ́?*

Irọ́ ni, tíṣà wa. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ HPV ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń fa gbogbo jẹjẹrẹ yẹn, ohun tí abẹ́rẹ́ náà ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí kòkòrò yẹn ráyè wọlé. Oṣù kẹwàá 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í gún un fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ẹ̀ẹ̀kan péré, wọn ò gbowó. Sáìtì WHO àti ti UNICEF ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ti kà á. Ti nǹkan oṣù àti ara tó ń dàgbà, sáìtì NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba Ìlú Ọba, ṣàlàyé ẹ̀ ní èdè Òyìnbó tí kò le, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ ò nílò dátà fún ìyẹn. Ẹ sì kọ́ wọn ní ọgbọ́n kan: tí wọ́n bá rí ẹni tó ń kọ ọ́ pé inú rírun nígbà nǹkan oṣù ń sọ èèyàn di àgàn, kí wọ́n yí i dé ìsàlẹ̀, wọ́n máa rí àgbo tó ń tà. Inú rírun tó bá le débi tí ọmọ ò fi lè wá sílé ìwé, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe Facebook.

*Àǹtí, láti Peckham ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọbìnrin mi ti pé 13, Òyìnbó ló fi ń dá mi lóhùn, ó tún ní orúkọ òun le jù, pé kí wọ́n máa fi ìdajì pe òun níléèwé. Ṣé nǹkan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó lè ràn mí lọ́wọ́? – Bàbá kan*

Bàbá wa, ẹ kú ìnira òtútù. BBC News Yorùbá ti wà láti 2018, ẹ jọ máa wo fídíò wọn. African Storybook ní ìtàn aláwòrán lédè Yorùbá, ti ọmọdé ni ṣùgbọ́n á rọrùn fún un láti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ti orúkọ yẹn gan-an, ẹ lọ sí YorubaName.com tí Kọ́lá Túbọ̀sún àtàwọn èèyàn ẹ̀ ṣe, tó bá tẹ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀ á rí ìtumọ̀ ẹ̀ àti bí wọ́n ṣe gé e sí wẹ́wẹ́. Ẹ má jókòó tì í tó bá ń wá a o, ẹ jẹ́ kó dá wá a. Tí kò bá sì sí níbẹ̀, àyè wà tí èèyàn lè fi orúkọ tuntun ránṣẹ́ sí wọn, á wá pọn dandan kó béèrè ìtumọ̀ ẹ̀ lọ́wọ́ yín kó tó lè kọ ọ́.